Bí Owó Tí Ẹ Bá Yá Èèyàn Lórí Fóònù Ṣe Máa Padà Wálé

Owó kì í pẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni mọ́. Ẹnìkan á kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp láago mẹ́wàá alẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá ₦60,000, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa dá a padà." Ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá, ẹ tẹ PIN, ó ti lọ. Jímọ̀ yẹn á dé, á kọjá, òmíràn á tún kọjá, ẹni tó ń pè yín ní "mọ́mì mi" kò ní gbé fóònù mọ́.

POS ni mò ń ṣe ní Tanke, nílùú Ìlọrin níbí. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í wá bá mi pé kí n bá òun fa owó tí òun yá èèyàn padà. Mi ò lè fà á. Kò sí oní-POS tó lè fà á. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí: mo yá obìnrin kan ní ₦120,000. Inú gúrúpù àwọn aláṣọ la ti mọra, ó ní òun fẹ́ kó ọjà iléyá. Àkáǹtì tó fi ránṣẹ́, orúkọ ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ó ní àbúrò òun ni, mo gbà. Nígbà tó di pé kò san án, mo gbé fóònù mi lọ bá lọ́yà kan tó máa ń gba owó lọ́dọ̀ mi. Ó ka ọ̀rọ̀ wa látòkè délẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà kọ lẹ́yìn tí owó wọlé ni, "Mo ti rí i mà, Ọlọ́run á bù sí i." Lọ́yà wò mí, ó ní, "Ó ti rí kí ni? Ẹ̀bùn ni àbí owó aṣọ? Ta ló sì rí i, òun ni àbí ọkùnrin yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọjọ́ tí mo fi owó ránṣẹ́ gan-an ni gbèsè yẹn ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí mẹ́rin nínú ìpele méje tó wà nísàlẹ̀ yìí fi jẹ́ ohun tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan PIN.

Ẹni tó ń yá ọ̀rẹ́, ẹbí, oníbàárà tàbí ojúlùmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì lówó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi owó èlé ṣòwò, ìyẹn ní òfin tirẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ ayánilówó lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, bó bá sì jẹ́ orí áàpù ni, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà máa béèrè ìwé lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ẹ nílò

- Áàpù báńkì yín, èyí tí ẹ ti lè rí rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde.
- WhatsApp. Ẹ wò ó bóyá "disappearing messages" wà ní títàn láàárín ẹ̀yin àti ẹni náà. Bó bá wà, ẹ pa á. Ó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90, ẹ̀rí yín á sì bá a lọ.
- Orúkọ kíkún ẹni náà, ibi tó ń gbé, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, àti nọ́ńbà fóònù méjì.
- Nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀.
- Onídùúró kan.
- Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré àti bírò. Fóònù máa ń sọnù.
- Ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tí kò lè dúró di ọ̀la, ẹ wò ó dáadáa. (Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn yàtọ̀. Èmi kì í yáni lówó ilé ìwòsàn. Ohun tí agbára mi bá ká ni mo máa ń fi tọrẹ, mo sì máa ń gbàgbé rẹ̀.)

Ìpele 1: Ẹ mọ iye tí ẹ lè fi sílẹ̀

Ìpele yìí kò gùn. Ẹ bi ara yín pé: bí owó yìí kò bá padà títí ọdún fi parí, ṣé ó máa pa owó ilé ìwé ọmọ lára? Ṣé ó máa pa owó ọjà yín lára? Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó náà pọ̀ jù. Ẹ gé e kù. Ẹni tó béèrè ₦200,000 lè gba ₦50,000, kí ó san án tán, kó tún wá. Bí ẹ ṣe ń mọ ọwọ́ èèyàn nìyẹn.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á yáwó lórí áàpù láti fi yá ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n fọwọ́ kan owó àjọ tó wà lọ́wọ́ wọn. Owó àjọ kì í ṣe ti alájọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti dárúkọ iye kan pàtó, ẹ sì ti sọ ọ́ fún ẹni náà láìfi "màá wò ó" kún un.

Ìpele 2: Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀

Ẹ má tíì bèèrè bóyá èèyàn dáadáa ni. Ṣé òun gan-an ni? Àwọn ọlọ́ṣà orí fóònù máa ń gba WhatsApp ẹlòmíràn, wọ́n á sì fi máa tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù náà. Àwòrán rẹ̀ ni ẹ ó rí, ìkíni rẹ̀ ni wọ́n á fi kí yín, wọ́n tiẹ̀ lè ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà:

1. Ẹ pè é lórí nọ́ńbà rẹ̀, ìpè lásán tí a fi káàdì pè, kì í ṣe ìpè WhatsApp. Bí kò bá gbé e, ẹ dúró.

2. Ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù báńkì yín bíi pé ẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Orúkọ tó ni àkáǹtì máa yọ kí ẹ tó dé ibi PIN. Ẹ ka orúkọ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jáde. Ẹ kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́.

3. Ẹ fi orúkọ yẹn wé èyí tó wà lórí ìwé NIN rẹ̀ tàbí káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ọkọ ti wọ̀ ọ́, tàbí pé wọ́n yí orúkọ àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ bó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn pátápátá, ẹ padà sẹ́yìn.

4. Bí ẹni náà bá wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí ibi tí ẹ kò lè tètè dé, ẹ wá ẹnìkan tó mọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé rẹ̀. Gúúsù Kwara kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn méjì, ẹ̀kẹta á ti mọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì ẹlòmíràn yìí gba àlàyé. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ètò GSI kalẹ̀: bí èèyàn bá jẹ báńkì ní gbèsè tí kò san, báńkì náà lè fa owó rẹ̀ láti inú àkáǹtì rẹ̀ tó wà ní báńkì mìíràn, nítorí BVN kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ẹ má fi sínú tèmi, ẹ fi sínú ti ọ̀rẹ́ mi," ó lè máa sá fún gbèsè tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ bi í ní ìbéèrè náà gan-an: "Ṣé báńkì ń lé ọ ni?" Bó bá jẹ́wọ́, ó kéré tán ẹ ti mọ ibi tí ẹ dúró sí. Bó bá bínú, ìyẹn náà lésì.

Ẹ má gba káàdì ATM àti PIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi dógò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Ọjọ́ tí owó bá dínkù nínú àkáǹtì yẹn, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi nọ́ńbà OTP tó wọ fóònù yín han ayáwó kankan, kódà bó ní òun fẹ́ fi "ṣe ìforúkọsílẹ̀ ìsanwó."

*Àyẹ̀wò:* ohùn rẹ̀ lẹ gbọ́, orúkọ àkáǹtì bá orúkọ rẹ̀ mu, ẹnìkan mìíràn sì ti jẹ́rìí sí ibi tó ń gbé.

Ìpele 3: Onídùúró tàbí ohun ìdógò

Onídùúró tó dáa kì í ṣe olówó. Ẹni tí ayáwó kò ní fẹ́ kó bínú sí òun ni. Fún akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin, olùkọ́ kò wúlò; ẹ̀gbọ́n tó ń san owó ilé fún un ló wúlò. Fún oníṣòwò Ọjà Ọba tàbí Ìpàtà, ẹ mú ẹni tí wọ́n jọ pààlà ìsọ̀. Ẹ pe onídùúró yìí, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Kó gbọ́ iye owó, kó gbọ́ ọjọ́, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí ayáwó kò bá san án, òun á san án. "Mo mọ̀ ọ́n" kò tíì di ìdúró.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn ju ìdógò lọ, ìyẹn àjọ. Bí ayáwó bá ń dá àjọ oṣooṣù, tí yóò sì kó o lóṣù mẹ́rin sí i, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ̀yin, òun àti alájọ, jọ sọ̀rọ̀: ọjọ́ tó bá kó o, alájọ á yọ iye yín, á fi ránṣẹ́ sí yín tààrà. Kí alájọ kọ ọ́ sílẹ̀. Owó yín kò ní gba ọwọ́ ayáwó kọjá rárá.

Bó bá jẹ́ nǹkan lẹ máa gbà dógò, fóònù, ẹ̀rọ ìránṣọ, jẹnẹrétọ̀, ẹ ya àwòrán nǹkan náà níwájú ayáwó, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára nǹkan náà sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè rìsíìtì tó fi rà á. Fóònù tí kò ní rìsíìtì lè jẹ́ fóònù olè. Ẹ ó wá di ẹni tó gba ẹrù olè. Ẹ má sì lò ó. Ẹni tó dógò aṣọ òfì tí ẹ wọ̀ ọ́ lọ sóde, ìjà lẹ ń wá.

*Àyẹ̀wò:* onídùúró ti sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, tàbí ìdógò ti wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú àwòrán àti rìsíìtì.

Ìpele 4: Ẹ jẹ́ kí ayáwó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́

Ìpele yìí ló pa mí, òun náà ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ojú ń tì wá. A ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a kò fọkàn tán ẹni. Ní Ìlọrin, ibi tí ilé kéú pọ̀ tó báyìí, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: áyà tó gùn jù nínú Kùránì, 282 nínú Súrà Baqara, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé. Ẹ kọ ọ́, ẹ dárúkọ ọjọ́, ẹ pe ẹlẹ́rìí. Ó tiẹ̀ sọ ẹni tó yẹ kó máa pe ọ̀rọ̀ náà fún akọ̀wé: ẹni tó jẹ gbèsè. Nítorí náà bí ẹnìkan bá ní "ṣé ìwé ni a ń kọ láàárín ara wa?", ẹ rí èsì fún un.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ hàn kedere. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, tó kàn fèsì pé "ok mà," ọ̀la ó lè ní òun kò kà á. Òun ni kó tẹ gbogbo rẹ̀, láti orí nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ lè fi àpẹẹrẹ yìí ránṣẹ́ sí i kó wò ó, àmọ́ kó tẹ tirẹ̀ fúnra rẹ̀:

"Èmi (orúkọ kíkún), tí mò ń gbé ní (àdírẹ́sì), yá ₦80,000 lọ́wọ́ (orúkọ yín) lónìí, ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kìíní 2026. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe owó ọjà. Kí ẹ fi sínú àkáǹtì mi, (nọ́ńbà, báńkì, orúkọ). Màá san ₦10,000 ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti 10 oṣù Kìíní títí di 28 oṣù Kejì 2026, ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Onídùúró mi ni (orúkọ, nọ́ńbà fóònù). Bí mo bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ láìsan, ẹ lè béèrè gbogbo èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ mi tàbí lọ́wọ́ onídùúró mi."

Ọjọ́ ìsanwó: ẹ jẹ́ kó bá bí owó ṣe ń wọlé fún un mu. Tíṣà ń gbowó níparí oṣù, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe? Ẹni tó ń ná ọjà ọlọ́jọ́-márùn-ún, ọjọ́ kejì ọjà ni kí ẹ mú. Àgbẹ̀ Ìgbómìnà tó gbin iṣu kò ní nǹkan tó máa san kí iṣu tó jáde; bí ẹ bá fipá mú un san lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, ó máa lọ yáwó níbòmíràn láti fi san tiyín. "Nígbà tí ọwọ́ mi bá dẹ̀" kì í ṣe ọjọ́. Mi ò tíì rí i lórí kàlẹ́ńdà.

Voice note ńkọ́? Àwa ará ibí fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbà á kún un, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé, àmọ́ kó dárúkọ ara rẹ̀, iye owó àti ọjọ́ nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé WhatsApp gbà kí èèyàn pa ohun tó fi ránṣẹ́ rẹ́ fún gbogbo ènìyàn títí di nǹkan bí ọjọ́ méjì àtààbọ̀, ó sì lè tún ọ̀rọ̀ tó kọ tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Nítorí náà, bó bá ti wọlé, ẹ ya ojú fóònù yín, ẹ lọ sí "Export chat," kí ẹ sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 84, gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, bí ìwé ẹ̀rí tí abala náà béèrè bá tẹ̀ lé e. Lọ́yà á bá yín ṣe ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ èlé: bí ẹ kò bá fẹ́ gbèlé, ẹ má gbà á, iye tó jáde ni kó padà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ jèrè, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn Mùsùlùmí ń gbà ni kí ẹ má yá owó rárá. Aránṣọ fẹ́ ẹ̀rọ tó jẹ́ ₦150,000: ẹ fowó yín rà á, kó kọ́kọ́ di tiyín, kí ẹ wá tà á fún un ní ₦170,000 tó máa san díẹ̀díẹ̀. Iye yẹn kò gbọ́dọ̀ lé nítorí pé ó pẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á fún un ní owó kó lọ rà á fúnra rẹ̀, wọ́n á sì pè é ní ọjà. Ẹ bi álífáà yín kí ẹ tó dáwọ́ lé e.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìwé náà han ẹnìkan tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ yín. Ẹ bi í: ta ló jẹ ta ní gbèsè, èló ni, ìgbà wo ni? Bó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìbi yín ní nǹkan kan, ó ti dáa.

Ìpele 5: Fífi owó ránṣẹ́

Bí ẹ kò bá tíì fi owó sínú àkáǹtì yẹn rí, ẹ kọ́kọ́ fi ₦100 ránṣẹ́. Kó sọ fún yín pé ó ti wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìyókù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbi tí áàpù ti ní kí ẹ kọ ìdí, ẹ má kọ "fún ọ" tàbí kí ẹ fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ "EYAWO" àti orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn máa wà nínú àkọsílẹ̀ báńkì yín, ẹnikẹ́ni ò sì lè pa á rẹ́.

Ẹ gba rìsíìtì rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà gígùn kan wà lórí rẹ̀, Session ID, tí ó jẹ́ nọ́ńbà 30. Bó bá ní owó kò wọlé, òun ni báńkì máa fi wá a.

Lẹ́yìn náà, kó kọ ọ́ padà: "Mo ti gba ₦80,000 ẹ̀yáwó lọ́wọ́ yín sínú àkáǹtì mi lónìí." Ẹ má gba "mo ti rí i." Ẹ má gba àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé ẹ fẹ́ odidi gbólóhùn.

*Àyẹ̀wò:* nǹkan mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín: ìwé àdéhùn, rìsíìtì, àti gbólóhùn "mo ti gbà á." Iye kan náà (bí ẹ bá ro ₦100 àkọ́kọ́ mọ́ ìyókù), orúkọ kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìpele 6: Gbígbà á padà

Ẹ rán an létí lọ́jọ́ tó ṣáájú, lẹ́ẹ̀kan, ní kúkúrú: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀la ni ₦10,000 ẹlẹ́ẹ̀kẹta." Ẹ kò bẹ̀bẹ̀, ẹ kò sì halẹ̀.

Bó bá ní òun ti san án, ẹ má wo alẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù. Ẹnikẹ́ni lè tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, àwòrán rìsíìtì náà ṣeé yí. Ẹ ṣí áàpù, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọkùnrin kan na fóònù sí mi lójú pé "ẹ wò ó, successful ni." Mo wo áàpù tèmi, kò sí nǹkan kan. Mo ní kó jókòó kí a jọ máa dúró dè é. Kò jókòó.

Bí owó bá wọlé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i: "Mo gba ₦10,000 lónìí. Ó ku ₦50,000." Kó fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tó bá parí, ẹ kọ pé gbèsè ti tán, ẹ dá ìdógò rẹ̀ padà, ẹ pe onídùúró kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó kì í ṣe èyí, wọ́n á wá ṣàwáwí pé àwọn ò rí onídùúró nígbà mìíràn.

*Àyẹ̀wò:* iye tó kù nínú ìwé yín àti èyí tó kù lọ́kàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìpele 7: Bí ọjọ́ bá kọjá

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ pè é, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọjà lè jóná, ọmọ lè ṣàìsàn. Bó bá béèrè àyè, ẹ fún un ní ọjọ́ tuntun, kó tẹ ọjọ́ náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ pe onídùúró. Lẹ́yìn ìyẹn, àgbààgbà: mógàjí agbo ilé rẹ̀ ní Ìlọrin, olórí ẹbí tàbí báálẹ̀ ní ìgbèríko, lémọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé ìwé yín dání lọ. Ẹ má fi omijé nìkan lọ.

Bí kò bá gbọ́, lẹ́tà lọ́yà, lẹ́yìn náà kóòtù májísíréètì tàbí Area Court tó súnmọ́ yín.

Ẹ má gba ọ̀nà ọlọ́pàá láti fi gba gbèsè. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí pé ó kàn ṣẹ̀ sí àdéhùn. Lọ́yà rẹ̀ lè yí i padà lé yín lórí. Àmọ́ bó bá jẹ́ orúkọ èké, ìwé èké tàbí WhatsApp tí wọ́n jí ni wọ́n fi gba owó yín, ìyẹn ti kúrò ní gbèsè, jìbìtì ni. Ẹ lọ sí tọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pe báńkì yín kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ má gbé àwòrán rẹ̀ sórí status yín pẹ̀lú "OLÈ RÈÉ." Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Láyé àtijọ́ wọ́n ń rán ológò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi san. Ó dà bíi pé status ló rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà láti 2023, ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹ lè wá di ẹni tó ń sanwó fún onígbèsè yín.

*Àyẹ̀wò:* ní gbogbo ìgbà, ẹ lè dárúkọ ìgbésẹ̀ tó kàn àti ọjọ́ tí ẹ máa gbé e.

Bó bá jẹ́ pàṣípààrọ̀ USDT lẹ fẹ́ ṣe

Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Tanke àti Òkè-Òdò ń béèrè èyí lọ́wọ́ mi ju ẹ̀yáwó lọ. Wọ́n gba USDT, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì (crypto) tí iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé dọ́là, wọ́n fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn kí náírà lè wọ àkáǹtì wọn. Òfin ìdókòwò tí wọ́n ń pè ní ISA, ti 2025, ti fi irú ohun ìní yìí sábẹ́ SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, nítorí náà ẹ lo áàpù tí SEC mọ̀, tó sì máa ń di USDT náà mú títí ẹ̀yin méjèèjì á fi ṣe tán. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni lọ sórí Telegram nítorí pé iye tirẹ̀ dùn.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ yan ẹni tó ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe é. Ẹ dúró kó sanwó. Ẹ ṣí áàpù báńkì, ẹ wo owó náà, kí ẹ sì wo orúkọ tó fi í ránṣẹ́. Orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí áàpù pàṣípààrọ̀ mu. Bó bá jẹ́ orúkọ mìíràn, ẹ má tú USDT sílẹ̀, ẹ pe àwọn aláàpù kí wọ́n dá sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí owó náà padà sí àkáǹtì tó ti wá.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ orúkọ rèé: ẹni tó jí owó lè fi owó olówó ra USDT yín. Olówó á fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀, báńkì á tẹ̀ lé owó náà dé ọ̀dọ̀ yín, wọ́n á ti àkáǹtì yín pa, USDT á sì ti lọ sọ́dọ̀ olè. Ọmọ kan tó ń gba owó lọ́dọ̀ mi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìlè fọwọ́ kan ₦35,000 tirẹ̀ nítorí irú owó bẹ́ẹ̀. Gaàrí àwìn ló ń jẹ.

Nítorí ìyẹn, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún pàṣípààrọ̀, kí owó oúnjẹ má sí nínú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* owó wà nínú áàpù, orúkọ bára mu, ẹ sì ti ya ojú fóònù kí ẹ tó tẹ "release." Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi ₦100 ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì náà sí òmíràn tí ẹ ní. Bó bá jáde, wọn kò tì í.